Èsì: Ohùn synth tó ń tètè kú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní dáyóòdù méjì, pọ́tì (rẹsísítọ̀ tí à ń yí) méjì àti kapásítọ̀ 10µF lẹ fi ṣe envelope (sáàkítì tó ń darí bí ohùn ṣe ń yọ àti bó ṣe ń parẹ́) fún synth (ẹ̀rọ orin oníná) yín, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí kíì, ohùn a kú lójijì, kódà bẹ́ ẹ yí pọ́tì release (èyí tó ń sọ bí ohùn ṣe máa pẹ́ tó kó tó parẹ́) dé òpin.

Kò sóhun tó ṣe sáàkítì yẹn. Kapásítọ̀ 10µF pẹ̀lú pọ́tì 1MΩ yẹ kó lo ìṣẹ́jú àáyá 10 kí iná inú rẹ̀ tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 37%. VCA (sáàkítì tó ń mú ohùn ròkè tàbí wálẹ̀ bí iná envelope bá ṣe pọ̀ tó) tí ẹ so mọ́ ọn ló ń fa iná náà mu. Bí rẹsísítọ̀ ẹnu VCA bá jẹ́ 10kΩ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló kù fún yín. Pọ́tì ò lè dá a dúró.

Ẹ fi ìdajì TL072 (ṣíìpù tó ní op-amp méjì nínú) sáàárín kapásítọ̀ àti VCA, kí VCA má bàa fa iná kapásítọ̀ mu mọ́. Kapásítọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ 3, ẹ so ẹsẹ̀ 1 mọ́ ẹsẹ̀ 2, kí ẹ wá mú wáyà VCA látara ẹsẹ̀ 1. +12V ní ẹsẹ̀ 8, -12V ní ẹsẹ̀ 4. Ẹ má so ẹsẹ̀ 4 mọ́ ground o, torí TL072 kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nítòsí òdo.

Ẹ tún fi rẹsísítọ̀ 1kΩ ṣáájú pọ́tì attack (èyí tó ń sọ bí ohùn ṣe máa yára yọ tó). Tó bá jẹ́ ohùn bí ìlù lẹ fẹ́, kapásítọ̀ 1µF dípò 10µF ti tó.

Bẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́lẹ̀, dáyóòdù ni: ó máa ń ṣẹ́ nǹkan bíi 0.5V kù sínú kapásítọ̀. Ẹ yí trimmer offset VCA (pọ́tì kékeré tó ń tún ìbẹ̀rẹ̀ iná rẹ̀ ṣe) títí yóò fi dákẹ́.