Ìyàwó gómìnà: kí ló yẹ kí ìròyìn máa pè é?

Ọmọ Òṣogbo kan tó ní rédíò lòun fi ń jí láràárọ̀ ló bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ̀yin àgbà, nígbà mìíràn wọ́n á ní 'ìyàwó gómìnà', nígbà mìíràn 'Abilékọ', 'Ìyáàfin', 'Olorì', àní 'obìnrin àkọ́kọ́'. Èwo ló bá àṣà wa mu nínú gbogbo ẹ̀? Ṣé òótọ́ sì ni pé àbùkù ni kéèyàn dárúkọ ìyàwó ẹni ńlá?"

Ẹ jẹ́ kí n ti orí "obìnrin àkọ́kọ́" bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù. Mo ti ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ìròyìn rí nílùú yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó wà lórí iṣẹ́ kọ ọ́ pé "obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣèbẹ̀wò sí ilé ìwòsàn", wọ́n sì kà á bẹ́ẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo jáde lọ ra ẹ̀kọ, màmá tó ń tà á yí rédíò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí ewé ẹ̀kọ sọ́wọ́ mi, ó wá bi mí pé: "Ẹ̀yin ará rédíò, ṣé gómìnà ti gbé òmíràn wọlé ni?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Létí ẹni tó ti gbé ilé olórogún, obìnrin àkọ́kọ́ ni ìyáálé. Bí ẹ bá ti lẹ́nì kan ni àkọ́kọ́, ẹ ti sọ fún wa pé ìkejì wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà dára bí a bá ń sọ obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe adájọ́ tàbí tó fọkọ̀ òfuurufú rìn. Ìyàwó gómìnà kọ́ la dá a fún.

First Lady tí àwọn òyìnbó ń pè é ló fà á. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ò mọ ipò kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Maryam Babangida ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá lọ́dọ̀ wa, pàápàá láti 1987 tó ti dá ètò rẹ̀ fún àwọn obìnrin ìgbèríko sílẹ̀. Nígbà tí Muhammadu Buhari gorí àlééfà ní 2015, wọ́n ní "ìyàwó Ààrẹ" ni kí wọ́n máa pe Aisha, kì í ṣe First Lady. Nígbà tó di 2019, òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n padà sí First Lady. Àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì gbé e kiri gan-an. Àwa tí à ń fi Yorùbá kọ ìròyìn ò rí nǹkan kan yí padà nínú ẹ̀, torí "ìyàwó Ààrẹ" la ti ń kọ tẹ́lẹ̀, òun náà la sì ń kọ lọ. Ohun tó jẹ́ ni Yorùbá sọ, kò fi oyè tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹ lé e lórí.

Olorì ní tirẹ̀, ẹ má fi pe ìyàwó olóṣèlú o. Ààfin ni Olorì ń gbé. Ìyàwó Àtàọ́ja ni Olorì, ìyàwó Aláàfin ni Olorì. Ọdún mẹ́rin ni gómìnà ń ṣe, bó bá tún wọlé, ó di mẹ́jọ. Adé ò ní sáà.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, "ìyàwó", dùn létí mi. Àwọn àgbà máa ń pa ìtàn pé ọmọ Olúwòó ni Ọ̀rúnmìlà lọ fẹ́, pé ìyà tó jẹ ní Ìwó, níbí tí ò jìnnà sí wa yìí, kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́, ló di "ìyàwó". Ìyàwó kì í sì í ṣe ti ọkọ nìkan. Àbúrò ọkọ tí ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ lè ní "ìyàwó wa", kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí, torí ẹbí ló gbé e níyàwó. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ìyá ọlọ́jà kan ní Ìgbọ̀nà pe ìyàwó gómìnà ní "ìyàwó wa", kò rí i fín. Ó ti kà á mọ́ ilé ni. "Aya" náà tọ̀nà, àmọ́ èdè ìwé àti Bíbélì ló jọ, kì í tètè bọ́ lẹ́nu wa níta.

Ìbéèrè yín kejì ló jinlẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a fi ń rọ́pò orúkọ náà. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni: Ìyá Àlàbí, Ìyá Sùkúrà. Oríkì tí wọ́n fún un nílé baba rẹ̀ ni: Àjíkẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni: Ìyá Aláró, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Obìnrin tó ti lo ogójì ọdún nílé ọkọ, orílẹ̀ ilé baba rẹ̀ ni wọ́n ṣì máa ń fi kì í, títí dọ́jọ́ tó bá kú. Pé kó máa jẹ́ orúkọ baba ọkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ìwé ìjọba àwọn òyìnbó ló mú un wá. Ẹni tó bá ní àṣà Yorùbá ni pé kí orúkọ obìnrin rì sábẹ́ ti ọkọ, àṣà tí ò tíì pé igba ọdún ló ń sọ.

Ẹ wo Ẹfúnróyè Tinúbú. Ó fẹ́ Adélé tó jẹ ọba Èkó, ó tún fẹ́ àwọn mìíràn, síbẹ̀ kì í ṣe "ìyàwó Adélé" la fi ń rántí rẹ̀. Òun ló kó ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhómì gbógun dé Abẹ́òkúta, ní 1864 ni wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde. Orúkọ tirẹ̀ ni Tinúbú, Ọ̀ṣuntinúbú ni lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, Ọ̀ṣun tó ti inú ibú wá. Àwa ọmọ Òṣogbo ló yẹ kí orúkọ yẹn wọ̀ lára jù. Lónìí, bí rédíò bá dárúkọ Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinúbú, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni Tinúbú yẹn. Àmọ́ "Sẹ́nétọ̀" tó ṣáájú ẹ̀, òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gbà á, láti 2011 sí 2023, kí ọkọ rẹ̀ tó di Ààrẹ. Bí ìròyìn bá yọ ọ́ kúrò, tó ṣẹ́ ku "ìyàwó Ààrẹ" nìkan, ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìwé ìròyìn ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa rí. Ìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Màmá HID, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, tiwọn ni: Hannah, Ìdòwú, Dídéolú. Ọdún 1937 ni wọ́n fẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n jẹ Yèyé Oòduà, wọ́n sì kú ní September 2015, ó ku oṣù méjì kí wọ́n pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí bí orúkọ Awólọ́wọ̀ ṣe tóbi tó tó bo HID mọ́lẹ̀. Ti Kudirat Abíọ́lá náà ń bẹ. Simbiat ni ìyáálé ilé náà, kí ó tó kú ní 1992. Bí oníròyìn bá kàn kọ "ìyàwó Abíọ́lá" nígbà náà, ta ló ń wí? Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Kudirat ní 4 June 1996, orúkọ tirẹ̀ ni àwọn tó sá lọ sókè òkun fi sọ rédíò wọn, Radio Kudirat.

Ní Ọ̀ṣun tiwa yìí, obìnrin méjì ló ṣe igbákejì gómìnà tẹ̀ léra, Erelú Olúṣọlá Ọbádá lábẹ́ Oyinlọlá, àti Títílayọ̀ Láoyè-Tomori lábẹ́ Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Ọdọọdún la fi ń ka ìròyìn wọn. N ò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ìyàwó lágbájá. Ìkejì tiẹ̀ so orúkọ méjì pọ̀, kò jù kankan nù.

Láàárín "Abilékọ" àti "Ìyáàfin", Ìyáàfin lèmi máa ń mú. Ilé ọkọ ló wà nínú Abilékọ. Ìyá àti ààfin ló wà nínú Ìyáàfin, kò bi obìnrin léèrè ọkọ. Bó bá jẹ́ Alhaja, ẹ pè é ní Alhaja, bó bá jẹ́ dókítà tàbí Erelú, ẹ fi síwájú.

Àwọn baba wa ní Òṣogbo ò sì nílò ìwé ìròyìn kí wọ́n tó mọ èyí. Nígbà tí Susanne Wenger dé láti ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, tó sì wá fìdí kalẹ̀ sí títì Ìbòkun, tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, wọ́n ò pè é ní ìyàwó Beier. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ bíbí inú wọn. Àdùnní ni wọ́n pè é títí tó fi kú ní January 2009.

Bí wọ́n bá ní kí n tún ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ yẹn kọ, orúkọ àbísọ obìnrin náà ni máa fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oyè tó bá ní, màá wá fi kún un pé ìyàwó gómìnà ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí màmá ẹlẹ́kọ lè mọ ẹni tí à ń wí. Lẹ́yìn ìyẹn, "wọ́n" ni màá máa fi tọ́ka sí i títí ìròyìn náà yóò fi parí.