Òwìwí Lórí Àjà, Ejò Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Kí Ni Ẹ̀sìn Sọ Nípa Ẹran Ìgbẹ́ Tó Wá Ibùgbé Sílé Wa?

ÌBÉÈRÈ:

Àsàláámù àláékúmù, Ààfáà wa. Wọ́n ṣán igbó ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n sì dáná sun ún kí wọ́n lè kọ́lé síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹran ìgbẹ́ ti ń ya wọ àdúgbò. Òwìwí kan ti pamọ sórí àjà mi. A tún rí ejò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sá lọ, kò sì tíì yọjú mọ́. Ààfáà kan ní àpẹẹrẹ ibi ni ẹyẹ náà, pé máláíkà kì í wọ ilé tí òwìwí bá wà, kí n dáná sun ìtẹ́ náà tọmọtọmọ, kí n sì tún gbogbo ìrun tí mo ti kí níbẹ̀ kí. Ẹlòmíràn ní a ò gbọdọ̀ pa ejò kankan nínú ilé, nítorí àlìjọ̀nnú ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN:

Wà àláékúmù sàláàm wà ràhmátùláàhì wà bàràkáátùhù.

Ọmọ ìyá mi, má dáná sun ìtẹ́ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, bóyá o ti mú ìṣáná lọ́wọ́.

Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, sọ ọ́, Abu Dawud sì gbà á sílẹ̀ nínú ìwé hàdíìsì rẹ̀ (àkójọ ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì), pé àwọn wà lórí ìrìnàjò pẹ̀lú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Wọ́n rí ẹyẹ kan pẹ̀lú ọmọ méjì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà. Ìyá wọn bá ń na ìyẹ́ kiri lórí wọn. Nígbà tí Ànábì dé, ó béèrè ẹni tó kó ìbànújẹ́ bá ẹyẹ yìí nítorí ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Nínú hàdíìsì kan náà ló ti rí ilé èèrà tí wọ́n dáná sun, ó sì sọ pé kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni láti fi iná jẹ ẹ̀dá níyà àfi Olúwa iná. Ọmọ ẹyẹ ló fi bẹ̀rẹ̀, iná ló fi parí. Ẹni tó ní kí o fi iná sun ìyá ẹyẹ tọmọtọmọ, ibo ló gbé èyí sí?

Ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ ibi tó sọ, ẹ̀yìn Ìsìláàmù ni ó ti mú un wá. Àwọn Lárúbáwá ìgbà jáhílíyà, ìyẹn kí Ìsìláàmù tó dé, gbàgbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá pa tí a kò gbẹ̀san rẹ̀, ẹyẹ kan á jáde láti ara rẹ̀, á máa ké kiri. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé òwìwí ni. Hāma ni wọ́n ń pè é. Ànábì sì la ẹnu rẹ̀ gbangba, ó ní kò sí àmì ibi, kò sí hāma. Ó pa á rẹ́ pátápátá. Ta ló wá fún ààfáà lágbára láti tún un kọ́?

Ní ti máláíkà, hàdíìsì tí Abu Talha gbà wá, tó wà nínú ìwé hàdíìsì Bukhari àti ti Muslim, sọ pé máláíkà kì í wọ ilé tí ajá tàbí àwòrán bá wà. Ohun méjì ni. Ẹni tó fi òwìwí ṣe ẹ̀kẹta ti fi ọ̀rọ̀ sí Ànábì lẹ́nu. Inú mi ò dùn sí èyí rárá, ẹ máa dárí jì mí bí ohùn mi bá le. Ẹyẹ tó pàdánù igi rẹ̀ ló wá òrùlé. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Húùdù pé kò sí ẹ̀dá kan tó ń rìn lórí ilẹ̀ àfi kí arísìkí rẹ̀ wà lọ́wọ́ Òun, àti pé Òun mọ ibùgbé rẹ̀. Ó mọ igi tí wọ́n gé, Ó sì mọ àjà rẹ.

Ọ̀rọ̀ ejò ló gba sùúrù. Ibn Umar, ọmọlẹ́yìn Ànábì, kì í rí ejò kó má pa á, títí Abu Lubaba, ọmọlẹ́yìn mìíràn, fi sọ fún un pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ pípa àwọn ejò tó ń gbé inú ilé. Ìmáàmù Malik sì fi ìtàn kan sínú Muwatta, ìwé hàdíìsì rẹ̀, tí mi ò lè kà kí ara mi má bù máṣọ. Abu al-Sa'ib lọ sílé Abu Sa'id al-Khudri, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ó bá a lórí ìrun, ó jókòó dè é. Ó gbọ́ ohun tó ń rìn lábẹ́ ibùsùn. Ejò ni. Ó dìde láti pa á, Abu Sa'id sì fi ọwọ́ ṣe àmì sí i lórí ìrun pé kó jókòó. Nígbà tó kírun tán, ó nawọ́ sí yàrá kan: ṣé o rí yàrá yẹn? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ló ń gbé ibẹ̀ nígbà ogun tí wọ́n ń pè ní Khandaq. Ó gba àyè lọ́wọ́ Ànábì láti yọjú sílé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, owú mú un, ó na ọ̀kọ̀ sí i. Ìyàwó ní kó má kánjú, kó wọlé wò. Ejò ńlá ló ká sórí ibùsùn. Ó fi ọ̀kọ̀ gún un, ó gbé e jáde, ó ri ọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀. Ejò ń jà ní ṣóńṣó ọ̀kọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ṣubú lulẹ̀, wọn ò mọ èyí tó kọ́kọ́ kú nínú àwọn méjèèjì. Ìgbà náà ni Ànábì sọ pé àwọn àlìjọ̀nnú kan wà ní Mẹ̀dínà tó ti gba Ìsìláàmù, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ kìlọ̀ fún un fún ọjọ́ mẹ́ta, bó bá tún yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa á, ṣàítánì ni.

Àwọn kan, ni ó wí. Kò sọ pé gbogbo ejò. Àti pé ó ní ẹ pa á lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà ẹni kejì tó ní a ò gbọdọ̀ pa ejò láéláé náà ti ṣìnà. Ànábì yọ oríṣi méjì sọ́tọ̀ pé ká pa wọ́n, kódà nínú ilé: èyí tó ní ilà méjì lẹ́yìn àti èyí tí ìrù rẹ̀ kúrú.

Ṣé Mẹ̀dínà nìkan ni ìkìlọ̀ náà wà fún? Ibí ni àwọn onímọ̀ ti yapa. Àwọn kan ní Mẹ̀dínà nìkan, nítorí ibẹ̀ ni hàdíìsì dárúkọ. Madh-hab Malik, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tirẹ̀, ni èmi ń tẹ̀ lé, ohun tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tó kú ní ọdún 386 Híjírà, sì kọ sínú ìwé rẹ̀, Risala, ni pé wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ejò ní Mẹ̀dínà lẹ́ẹ̀mẹta, bí èèyàn bá sì ṣe é níbòmíràn, ó dára. Ṣùgbọ́n a kì í kìlọ̀ fún un ní aṣálẹ̀, èyí tó bá yọjú níbẹ̀ ni a ń pa. Ó dára ni ó sọ, kò sọ pé dandan ni. Gbólóhùn tí wọ́n gbà wá lẹ́nu Malik kò gùn: mo fi Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn kìlọ̀ fún ọ, má ṣe yọjú sí wa mọ́, má sì ṣe ni wá lára. Ó tó. Kò sí tírà nínú rẹ̀, kò sí owó ẹnikẹ́ni.

Ejò tìrẹ ti sá lọ. Sọ gbólóhùn yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, kó àwọn ọmọ kúrò ní yàrá náà, dí àwọn ihò, kó pàǹtí kúrò lẹ́bàá ògiri nítorí eku ni ejò ń tọ̀ wá. Ṣùgbọ́n bó bá gbé orí sókè sí ọmọ rẹ, má ka ọjọ́ fún un. Ọlọ́hun ti ní ká má fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. Gbá a lẹ́ẹ̀kan kó kú, má ṣe fi dá a lóró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣán igbó, ẹ má fi iná yí i ká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ilé, kí ẹ máa lọ síhà igbó tó kù, kí ẹran lè rọ́nà sá gbà. Nígbà tí Ànábì sọ pé a kò gbọdọ̀ dẹ́rù ba ẹran ilẹ̀ Mẹ́kà, Ikrima, onímọ̀ àtijọ́ kan, túmọ̀ rẹ̀ pé kí o lé e kúrò ní ibòji kí ìwọ wá jókòó síbẹ̀ ni. Òfin Mẹ́kà ni lóòótọ́, kò de ilẹ̀ tìrẹ. Àmọ́ mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá rí ẹran tó ń sáré kiri lórí ilẹ̀ tí a ti sun dúdú.

Òwìwí yẹn, fi í sílẹ̀. Wo ilẹ̀ lábẹ́ ibi tó ń bà sí, wàá rí ìdì kéékèèké tí irun àti egungun eku wà nínú wọn. Eku tí ì bá pe ejò wá bá ọ ló ń jẹ. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti fò lọ, tí o kò sì fẹ́ kó padà, dí ihò náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kán sí aṣọ ìrun rẹ, fọ̀ ọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Àwọn ìrun tí o ti kí láti ìgbà tí ẹyẹ náà ti dé, má tún ọ̀kankan nínú wọn kí.