Fíùsì Ńlá Kì Í Mú Họ́ọ̀nù Alùpùpù Dún Sókè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Họ́ọ̀nù tó bá alùpùpù mi wá láti ilé-iṣẹ́ kò dún tó, àwọn onímọ́tò kì í sì í gbọ́ ọ. Mo ra họ́ọ̀nù oníméjì tí wọ́n máa ń fi sára mọ́tò, mo yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, mo sì so wáyà méjèèjì tó wà níbẹ̀ mọ́ tuntun. Ohùn rẹ̀ há bí ohùn ẹni tí òtútù mú, nígbà tó sì di ọjọ́ mélòó kan, fíùsì jó. Mo fi òmíràn sí i, òun náà tún jó. Ẹni tó ń bá mi tún alùpùpù ṣe sọ pé iná tó ń dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀nù náà ni kò tó, pé kí n fi fíùsì oní-30 áńpíà (òṣùwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) rọ́pò oní-10, tàbí kí n kúkú fi wáyà tín-ín-rín wé èyí tó ti jó. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi lóríṣiríṣi ọ̀nà, ìmọ̀ràn kan náà ni mo sì máa ń bá nídìí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, pé fíùsì tó bá ń jó kò lágbára tó, kí a fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fọwọ́ kan wáyà alùpùpù ẹlòmíràn.

Fíùsì kì í fún họ́ọ̀nù ní agbára kankan. Ìwọ̀n iná tí họ́ọ̀nù bá nílò ni yóò fà láti inú bátìrì, yálà fíùsì oní-10 ló wà lójú ọ̀nà ni o, tàbí oní-30. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni fíùsì ń ṣe: bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá bá ti ju èyí tí wáyà náà lè gbà láìgbóná lọ, fíùsì ni yóò kọ́kọ́ já, kí wáyà má baà jó. Nítorí náà, wáyà ni a fi ń mọ fíùsì tó yẹ, a kì í fi ohùn họ́ọ̀nù mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà 10 tí ilé-iṣẹ́ kọ síbẹ̀ ń sọ ohun tí wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbà fún yín. Ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbó lóru, tó wá di ajá lẹ́nu kó lè rí oorun sùn, ni ẹni tó fi fíùsì oní-30 sí ojú ihò oní-10.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rù lásán ni a fi ń ba àwọn. Wáyà tí wọ́n sábà máa ń lò fún họ́ọ̀nù lára alùpùpù kékeré kò nípọn ju èyí tí àwa rewáyà ń pè ní 0.5 tàbí 0.75 lọ, ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ ojú bàbà inú rẹ̀ (mm²). Bí áńpíà 10 bá ń gba inú wáyà 0.5 kọjá, nǹkan bíi wáàtì mẹ́ta ààbọ̀ ni yóò di ooru lórí mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀, èyí kò sì lè ṣe wáyà náà ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ooru wáyà kì í pọ̀ sí i bí iná ṣe ń pọ̀ sí i lásán: bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin, bí iná bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nígbà náà, áńpíà 30 nínú wáyà kan náà yóò mú nǹkan bíi wáàtì 31 jáde lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ara wáyà yóò rọ̀, yóò yọ́, wáyà ìhòòhò yóò wá kan ara irin tàbí kan wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fíùsì oní-30 yóò sì dúró gbọin-in, nítorí pé a kò tíì kọjá ààlà tirẹ̀. Ibo ni ìdì wáyà náà gbà kọjá? Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù, abẹ́ táǹkì epo ni.

Ti wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ní kí ẹ fi wé fíùsì tó ti jó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ iye áńpíà tí yóò gbà kó tó já. Bébà sìgá tó ń dán, tí àwọn kan máa ń fi wé fíùsì tó jó, ń kọ́? Ìdáhùn kan náà ni.

Kí ló wá dé tí fíùsì yín ń jó? Ẹ kò sọ irú alùpùpù tó jẹ́, mo sì lè ṣì í sọ, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ nìyí. Họ́ọ̀nù kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ kì í sábà fà ju áńpíà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Họ́ọ̀nù mọ́tò oníméjì lè fa mẹ́rin mẹ́rin, ìyẹn mẹ́jọ. Fíùsì oní-10 yẹn kì í sì í ṣe ti họ́ọ̀nù nìkan: òun náà ló sábà máa ń gbé iná bíréèkì àti tíráfíkétọ̀, nígbà mìíràn ó tún ń gbé iná iwájú. Gílóòbù bíréèkì oní-21 wáàtì ń fa áńpíà kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tíráfíkétọ̀ méjì oní-10 wáàtì ń fa iye tó sún mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tí ẹ ń yà sí apá kan, tí ẹ sì tún tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti kọjá 11. Fíùsì kì í já lójú ẹsẹ̀ fún àpọ̀jù kékeré bẹ́ẹ̀, ó máa ń fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lo ọjọ́ mélòó kan kó tó jó. Ẹ sì kíyè sí i pé nígbà tó jó, iná bíréèkì yín bá a lọ.

Ohùn tó há náà, wáyà kan náà ló fà á. Nínú họ́ọ̀nù aláwo, mágínẹ́ẹ̀tì kan wà tó ń fa awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ra tó sì ń jù ú sílẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 400 sí 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fóòtì (òṣùwọ̀n agbára tó ń ti iná lọ) tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá tó, mágínẹ́ẹ̀tì náà kò ní lè fà á dáadáa, ohùn yóò sì há. Ọ̀nà tí iná ń gbà láti bátìrì lọ sí ibi kọ́kọ́rọ́, sí fíùsì, sí họ́ọ̀nù, sí bọ́tìnnì ọwọ́, kó tó padà, lè tó mítà mẹ́rin. Lórí wáyà 0.5, áńpíà mẹ́jọ yóò pàdánù fóòtì kan ó lé díẹ̀ sínú bàbà nìkan, kí a tó ka ibi ìsopọ̀ tó ti dípẹtà àti ojú bọ́tìnnì tó ti dúdú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóòtì mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni họ́ọ̀nù tuntun yín ń rí jẹ. Nítorí náà, òótọ́ ni ẹni yẹn sọ pé iná tó ń dé ibẹ̀ kò tó. Oògùn tó fún yín ni kò bá àìsàn náà mu.

Èyí ló mú mi sọ pé ó ṣeé ṣe kí họ́ọ̀nù àtijọ́ yín má ní àrùn kankan. Ẹ so ó padà, ẹ fi mítà tí àwa rewáyà fi ń wọn iná wọn fóòtì lórí ẹnu rẹ̀ méjèèjì nígbà tí ẹlòmíràn bá ń tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sì fi wé ti orí bátìrì ní àkókò kan náà. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju fóòtì kan lọ, ẹ fọ ojú ìsopọ̀ àti ojú bọ́tìnnì ná. Àwọn kan ti ná owó sórí ohun tí bébà ìfá-irin ì bá yanjú.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lo họ́ọ̀nù oníméjì, rìléè ni ẹ nílò. Rìléè jẹ́ bọ́tìnnì tí iná kékeré ń tẹ̀ kí iná ńlá lè kọjá ní ọ̀nà tirẹ̀: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún áńpíà ni bọ́tìnnì ọwọ́ yín yóò máa gbé, áńpíà mẹ́jọ yóò sì gba wáyà tuntun tó nípọn tààrà láti orí bátìrì. Òun náà kì í fi agbára kún họ́ọ̀nù, ọ̀nà tóóró ló ń yẹra fún. Ẹ ra oní-12 fóòtì, oní-30 áńpíà, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ẹ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ẹ fa wáyà tí kò kéré sí 1.5 (2.5 ni mo fẹ́ràn jù) láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ fi fíùsì oní-15 sójú rẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, nítorí pé wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní aláàbò kankan, kí ẹ wá gbé e lọ sí ẹsẹ̀ rìléè tí wọ́n kọ nọ́ńbà 30 sí (ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀). Láti ẹsẹ̀ 87, ẹ fa wáyà lọ sí ẹnu kan lára họ́ọ̀nù méjèèjì. Ẹnu kejì wọn yóò padà sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, tàbí sí ara irin alùpùpù tí ẹ ti ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, tí ẹ sì dè dáadáa. Wáyà méjèèjì tó wà lára họ́ọ̀nù àtijọ́ ni ẹ óò so mọ́ 85 àti 86. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ṣe: lára àwọn alùpùpù kan, bọ́tìnnì ló ń fi pọ́sítíìfù ránṣẹ́, lára òmíràn, pọ́sítíìfù ti wà lórí họ́ọ̀nù látìgbà tí ẹ ti ṣí kọ́kọ́rọ́, nẹ́gẹ́tíìfù ni bọ́tìnnì ń fún un. Bí ẹ bá lo wáyà àtijọ́ méjèèjì, èyíkéyìí tó bá jẹ́ yóò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lo ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ wá de 85 mọ́ ara irin nítorí pé ẹnì kan yà á bẹ́ẹ̀ sórí bébà, ó lè máa dún láìdákẹ́ ní gbàrà tí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí àmì dáyóòdù (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo) bá wà lára rìléè náà, 86 ni pọ́sítíìfù yóò lọ. Ẹ má so nǹkan kan mọ́ 87a.

Ẹ fi rìléè sí ibi tí omi kò lè dé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ má yọ awẹ́ irin tí wọ́n fi ń gbé họ́ọ̀nù kọ́, nítorí ó gbọ́dọ̀ lè mì kí ohùn tó jáde, ara họ́ọ̀nù kò sì gbọdọ̀ kan nǹkan mìíràn. Nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún sósì, ẹ wò ó bóyá wáyà kankan ń fà.

Ní ti họ́ọ̀nù oníkọ̀ńpúrẹ́sọ̀, tí ẹ kò béèrè ṣùgbọ́n tí ẹ óò béèrè lọ́la, ó lè fa áńpíà 15 sí 20, bátìrì kékeré kò sì ṣe fún un. Àwọn alùpùpù tuntun kan wà pẹ̀lú tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà inú wọn ló ń darí họ́ọ̀nù. Ẹ má gé wáyà kankan lára irú wọn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo òfin ìlú yín, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òdiwọ̀n fún ariwo họ́ọ̀nù. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 28 fi òkè rẹ̀ sí dẹ́síbẹ̀lì 112 bí a bá wọ̀n ọ́n láti mítà méje níwájú ọkọ̀. Èmi kò fojú rí alùpùpù yín, ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ràn án ló sì lágbára ju ọ̀rọ̀ mi lọ.

Bí ẹ bá ti fi fíùsì oní-30 náà sí i kí ìdáhùn yìí tó dé ọwọ́ yín, ẹ yọ ọ́ lónìí, kí ẹ dá oní-10 padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táǹkì kúrò, ẹ tú téèpù tó di wáyà pọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tọ wáyà họ́ọ̀nù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí rọ́bà rẹ̀ bá ti le gbagidi, tó ń dán jù, tàbí tó lẹ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ooru ti débẹ̀. Ẹ má fi téèpù wé e, ẹ pààrọ̀ wáyà náà.