Màmá mi ní mo jí owó àwọn

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni èmi àti màmá mi ń gbé. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ó sì ti tó ọdún méjì tí iyè wọn ti ń rà. Wọ́n á ní mo jí owó àwọn. Lóru, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn ń lọ sọ́jà. Àwọn ará àdúgbò ti ń pè wọ́n ní àjẹ́. Wòlíì kan ní kí n mú wọn wá, pé òun á dè wọ́n mọ́lẹ̀ fún ààwẹ̀ ọjọ́ méje, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London sì fọwọ́ sí i. Ó ti rẹ̀ mí. Kí ni kí n ṣe?” — Àbígbẹ̀yìn

Àbígbẹ̀yìn, àbúrò mi, o kú ìtọ́jú màmá. Má mú wọn lọ síbẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún wọn lè wá bá wọn nílé, kó gbàdúrà rẹ̀, kó máa lọ. Kí a de arúgbó mọ́lẹ̀ ká sì febi pa á, ìyà ni, kì í ṣe àdúrà.

Ohun tí o kọ yìí jọ àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí iyè rà, tí àwọn dókítà ń pè ní dementia. Àwọn kan á sọ fún ọ pé àìsàn òyìnbó ni. Irọ́ ni, ìlú tí o ń gbé gan-an ni wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀. Láti 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì wà lára wọn, ti pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, ni wọ́n lọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Àwọn tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí wọn. Wọ́n tún bi àwọn ẹbí: ṣé bí màmá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyí? Èsì tó jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, bí ẹnì kan àti díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ àìsàn náà lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nígbà tó lé ní mẹ́ta láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó tọ̀hún, àmọ́ ó wà. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá tún pe màmá ní àjẹ́, dá a lóhùn kíákíá pé àìsàn ni. Wọ́n ti lu àwọn ìyá àgbà nítorí pé wọ́n rìn lóru.

Ilé ìwòsàn ni kó o kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀ láti 2012. Kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, àti àgbo pẹ̀lú, kó o gbé e lọ. Oògùn oorun tàbí ti ọ̀fìnkìn lè da àgbàlagbà lórí rú, ibà àti àìsàn ojú ìtọ̀ náà lè ṣe é, ìwọ̀nyí sì ṣeé wò. Kí wọ́n yẹ ìfúnpá, ṣúgà àti etí wọn wò. Bó bá wá jẹ́ dementia lóòótọ́, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá; àwọn kan wà tó lè mú un rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ló ń dùn ọ́ jù, mo rí i nínú lẹ́tà rẹ. Màmá ti fi owó pamọ́ síbì kan, ọpọlọ wọn ò sì rántí mọ́. Lójú tiwọn, ẹnì kan ló mú un, ìwọ lo sì wà nítòsí. Ìkórìíra kọ́. Má bá wọn jiyàn, má sì búra. Sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ wá a.” Máa fi owó wẹ́wẹ́ sínú pọ́ọ̀sì wọn kí wọ́n lè máa kà á. Bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà lóru, béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ tà, kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ tún jókòó. Jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn lọ́sàn-án, kí wọ́n má sì sùn pẹ́ jù nígbà náà. Gbé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sókè níbi tí ojú wọn ò ní tètè tó, ṣùgbọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn nìkan sínú ilé láé. Fi nọ́ńbà fóònù rẹ sára aṣọ wọn, kó o sì fún alákàrà àti àwọn ọlọ́kadà ìkóríta náà.

Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ. Owó tó fẹ́ fún wòlíì, kó fi gba ẹni tí yóò máa bá ọ jókòó ti màmá kí o lè sùn. Kó sì pe Alzheimer's Society, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ní dementia àti ẹbí wọn lọ́wọ́ níbi tó wà yẹn, kó gbọ́ lẹ́nu òyìnbó ohun tí kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Lọ́dún, kó wá gbà ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe pé kó wá ya fọ́tò. Bó bá ní òun ò ráàyè, má bá a jà. Bí màmá bá dìde lóru ọ̀la, pè é lórí WhatsApp, kí o gbé fóònù fún wọn.