Python tó ń ṣiṣẹ́ ni kí o bi, kì í ṣe pip

Àbúrò mi ní Kétu, ìbéèrè rẹ yé mi dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí. O ní pip, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé library (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) wá fún Python, sọ fún ọ pé ẹ̀dà 1.5.3 ti pandas, library tí a fi ń ṣètò dátà, ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ṣùgbọ́n bí o bá ti ní kí kóòdù rẹ ṣiṣẹ́, á ké pé DataFrame (tábìlì dátà inú pandas) kò ní `append` (àṣẹ tí a fi ń fi ìlà kún un), bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà 1.5.3 ṣì ní in. O wá ń béèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń parọ́.

Kò sí èyí tó ń parọ́. Ẹni méjì lo bi ní ìbéèrè kan náà.

Èmi náà ti pe pip ní òpùrọ́ rí. Àsìkò kajú ọdún 2024 ni, ní Ṣábẹ níbí. Mo ń bá àwọn kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ṣe ìṣirò wọn: orúkọ àgbẹ̀, iye àpò, ìwọ̀n, iye owó tó tọ́ sí kálukú. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi nílé, kóòdù náà ń lọ geere. Mo gbé e dé orí tiwọn, ó yarí: `'DataFrame' object has no attribute 'append'`. Mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ `append` kúrò nínú pandas 2.0 tó jáde lóṣù kẹrin ọdún 2023, ni mo bá ní kò sí wàhálà, ẹ̀dà tuntun ló wà níbí, ẹ jẹ́ kí n dá ti àtijọ́ padà. Mo tẹ `pip install pandas==1.5.3`. Èsì tó fún mi ni `Requirement already satisfied`, pé ohun tí mò ń wá ti wà níbẹ̀.

Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún un fi sí i. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ fi `--no-cache-dir` kún un, kí ó lè lọ gbé e wá lákọ̀tun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà orí fóònù mi sì ni mò ń fi ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ra ti ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ ti jókòó lé àpò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń retí owó. Bàbá kan yọjú wọlé, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo èmi náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yìí ò mọ owó kà ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ó máa tó kà á." Kò kà á. Bírò àti ìwé ni a padà fi ṣírò owó ọjọ́ náà.

Alẹ́ ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀. Mo kọ ìlà mẹ́ta yìí sí òkè pátápátá nínú fáìlì tó ń yarí yẹn gan-an:

import sys, pandas
print(sys.executable)
print(pandas.__version__, pandas.__file__)

Ó gbé 2.1.4 jáde, ó sì tọ́ka sí inú fóldà kan tó ń jẹ́ `anaconda3`. Mo padà sí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo tẹ `pip show pandas`: 1.5.3. Mo wá fojú sí ìlà Location tí mi ò kà látàárọ̀, `Python311` ni mo rí níbẹ̀. Àṣé Python méjì ló wà nínú ẹ̀rọ kan! Ẹnì kan ti fi Anaconda, àpapọ̀ Python àti ọ̀pọ̀ library rẹ̀, sí i, ẹlòmíràn sì wá fi Python lásán sí i. Ti àkọ́kọ́ ni editor tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ń lò, ìkejì ni terminal ń lò. Gbogbo bí mo ṣe ń yọ tí mo ń fi, òrùlé aládùúgbò ni mò ń bò, tèmi ṣì ń jò.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o kọ ìlà mẹ́ta yẹn sínú fáìlì tó ń fún ọ ní wàhálà, kì í ṣe inú fáìlì mìíràn. Àwọn àmì ìlà ìsàlẹ̀ (_) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `version`, méjì ní iwájú, méjì lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti Faransé wá bíi tèmi lo ní, nọ́ńbà 8 ni kí o tẹ̀, má fọwọ́ kan Maj (Shift). Bó bá sì jẹ́ dandan kó jẹ́ inú terminal lo ti máa béèrè, má tẹ `pip` lásán. `python -m pip show pandas` ni kí o tẹ̀, kí pip tó máa dáhùn lè jẹ́ ti Python tí o dárúkọ. `where.exe python` lórí Windows, tàbí `which -a python3` lórí Linux, máa ń ka àwọn Python tó rí fún ọ, ṣùgbọ́n kìkì àwọn tó wà nínú PATH, àkọsílẹ̀ fóldà tí terminal ń wá nǹkan sí, ni. Anaconda lè má sí níbẹ̀ rárá, kó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́.

Library mìíràn wà tí kò ní `__version__`. Fún irú ìyẹn, láti Python 3.8 lọ sókè, `from importlib.metadata import version`, lẹ́yìn náà `print(version("pillow"))`. Orúkọ tí o fi gbé e wá nínú pip ló máa ń fẹ́, kì í ṣe orúkọ tí ò ń kọ tẹ̀lé `import`: `pillow` ni, kì í ṣe PIL; `scikit-learn` ni, kì í ṣe sklearn.

Tó bá jẹ́ Jupyter, ìwé iṣẹ́ tí a ti ń kọ kóòdù ní abala abala, lò ń lò, tún kernel (Python tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀) bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá pààrọ̀ ẹ̀dà, torí èyí tó ti kó sórí tẹ́lẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ràn `__file__` ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan tí mò ń kọ́ ní Àjàṣẹ́ sọ fáìlì tirẹ̀ ní `pandas.py`, ó wá ń ṣe kàyéfì pé pandas òun kò mọ nǹkan kan. `pip show` ò lè rí ìyẹn láéláé. `__file__` tú u fó lójú ẹsẹ̀: inú fóldà iṣẹ́ rẹ̀ ló tọ́ka sí.

Ní tèmi, mi ò wá ẹ̀dà àtijọ́ kiri mọ́ lẹ́yìn tí mo rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo kó àwọn ìlà náà sínú list, mo fi `pd.concat` (`pd` ni orúkọ kúkúrú pandas) so wọ́n pọ̀, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ nínú 1.5.3 àti nínú 2.1.4. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ohun tí ìlà mẹ́ta yẹn bá gbé jáde. Fi ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà, má gé orúkọ fóldà kúrò, torí ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.