Ta ló ní kó má sunkún?

Abiyamọ kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo, ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Méjì ààbọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti JonBenét Ramsey, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 6 tí wọ́n bá òkú rẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1996. Ó ní alaalẹ́ lòun ń wo fídíò ọ̀rọ̀ náà lórí YouTube, ó sì ti di ìjà láàárín òun àti ọkọ òun. Ọkọ ní àjèjì ló wọlé pa ọmọ. Òun ní ìyá ọmọ ni. Ó ní kí n dá àwọn lẹ́jọ́. Ó wá ki ọ̀rọ̀ kan bọ ìsàlẹ̀ ìwé báyìí:

"Mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀, Màmá, torí a ní ọ̀kan nínú ẹbí wa, àbúrò ọkọ mi tí wọ́n bá ọmọ ẹ̀ nínú kànga lọ́dún tó kọjá, omi ò bọ́ lójú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ló ti dirun tó ti padà sọ́jà, kò sì pẹ́ tí ọjà ẹ̀ fi kún. Ó gbé ọbẹ̀ wá fún wa nígbà Iléyá, mo dà á nù, àwo ẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀."

Ó tún gba Colorado lọ.

Ọmọ mi, èmi ò lè bá ọ dé Colorado. Ìdí kànga ni mo dúró sí.

Ṣé kànga yẹn ní ìdérí? Ta ló ṣí i? Ọwọ́ ta ni ọmọ wà lọ́jọ́ náà? O ò sọ ọ̀kan. O mọ iye dọ́là tí wọ́n ní kí wọ́n fi ra ọmọ padà nínú ìwé tí wọ́n bá nílé àwọn Ramsey, 118,000, ẹ̀ẹ̀mejì lo kọ ọ́ sí mi. O mọ̀ pé ọlọ́pàá ti wà nílé láti ìdájí, tó fi di ọ̀sán kí bàbá tó rí òkú ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ, o ò sọ ọdún tó jẹ́. O ò tiẹ̀ sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Irun ìyá rẹ̀ lo rí sọ.

Ó dáa, ká sọ ti irun. Ta ló dì í fún un? Kò sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ tó ń dìde fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Àwọn àgbà obìnrin ló máa ń fi tipátipá mú un jókòó, wọ́n á ní kò ní fi orí wúruwùru bẹ́ẹ̀ jókòó kí ayé máa wò ó. Ẹkún ńkọ́? Ta ló ní kó má sunkún? Àwa náà ni! Bí ọmọ bá kú lọ́wọ́ abiyamọ nílẹ̀ wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti kó aṣọ ọmọ pamọ́, a ò ní jẹ́ kó mọ ojú oórì, a ó yí i ká, a ó máa wí pé, "Ó tó, ó tó, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Bó bá pariwo, a ó ní kó má bá Ọlọ́run jà. Ó wá gbọ́ tiwa, ó panu mọ́, ìwọ wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, o ní ojú rẹ̀ gbẹ.

Ìyá mi sin ọmọ kan. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú atẹ, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ṣà á tán, ó dà á padà sínú igbá, ó tún bu ẹ̀wà kan náà sórí atẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ń kọjá, ó ní, "Ẹ wá wo obìnrin yìí, ẹ̀wà ló ń ṣà." Mo gbọ́ ọ. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu rẹ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Èmi kì í pa òwe yẹn nílé mi. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò sọ fún wa bóyá ara ọmọ ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọjà tó o ní ó kún ńkọ́? Ṣé o bi í bóyá àjọ ló kó?

Tí fídíò bá ń pa ọ́ bí òùngbẹ, wo ti Lindy Chamberlain, òun ní ìparí. Lóṣù kẹjọ ọdún 1980, òun àti ọkọ rẹ̀ pàgọ́ sí ẹ̀bá àpáta Uluru ní Ọsirélíà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Lóru, ó figbe ta pé dingo, ajá igbó ilẹ̀ wọn, ti gbé ọmọ òun lọ. Azaria lorúkọ ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ló tíì lò láyé. Àwọn èèyàn rí ìyá lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò rí omijé. Ó parí! Wọ́n ní ìtumọ̀ Azaria ni ẹbọ nínú aginjù, irọ́ gbáà ni. Wọ́n ní ó máa ń wọ aṣọ dúdú fún ọmọ. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í ṣe lásán, Adventist lásán sì ni wọ́n. Ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ nínú mọ́tò, ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò fín sí i kí ariwo rẹ̀ lè dínkù ni. Ní 1982 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére pẹ̀lú oyún nínú. Ó bí i lẹ́wọ̀n, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1986, ẹnì kan já bọ́ látorí àpáta yẹn, ibi tí wọ́n ti ń wá òkú rẹ̀ ni wọ́n ti rí súẹ́tà Azaria, nítòsí ibùba àwọn dingo. Wọ́n tú ìyá sílẹ̀. Ní 1988 ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ẹ̀bi rẹ̀. Ọdún 2012 ni ìjọba tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé dingo ló pa ọmọ. Ọdún 32! Àwọn tó ń ṣọ́ omijé rẹ̀, mélòó nínú wọn ló padà lọ bẹ̀ ẹ́?

Ti Ramsey tó o ní kí n dá, n ò dá a. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn ní kí wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn òbí náà ní 1999, agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀rí ò tó, kò fọwọ́ sí i. Ní 2006 ọkùnrin kan ní Thailand ní òun lòun pa á, DNA rẹ̀ ò bá a mu. Ọdún yẹn náà ni àrùn jẹjẹrẹ pa ìyá ọmọ. Ní 2008 agbẹjọ́rò ìjọba mìíràn kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí náà. Àwọn tó di gbogbo ẹ̀rí lọ́wọ́ mú ò tíì mọ̀ ọ́n, ìwọ mọ̀ ọ́n láti Òṣogbo.

Ohun tó wá dùn mí jù ni ti ọkọ rẹ. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ ni? "Àjèjì ló wọlé." Alaalẹ́ ló ń jókòó tì ọ́, tó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíì ló pa ọmọ náà. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ Ramsey? Àbúrò rẹ̀ ló ń gbèjà! O sì ń bá a jà títí dòru, o ń fi fóònù hàn án pé ìyá ni, ìyá ni.

Má sọ pé mo ní kò lè jẹ́ òun. Òbí ń pa ọmọ, gbogbo wa la ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Tó o bá gbọ́ igbe lọ́jọ́ náà, tó o rí ẹni tó ń ti ìdí kànga bọ̀, lọ bá ọlọ́pàá láàárọ̀ ọ̀la, kí o sọ ohun tí ojú rẹ rí. Tó bá jẹ́ irun nìkan lo rí, panu mọ́ bí a ṣe ní kí òun náà panu mọ́.

Ẹni yẹn, ọkọ rẹ ni nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ó mọ̀ pé ẹ ò wá kí òun mọ́. Síbẹ̀ Iléyá dé, ó ka iye yín, ó bu ẹran sọ́bẹ̀, ó gbé e wá.

Fọ àwo yẹn. Ìwọ gan-an ni kí o gbé e lọ fún un, má fi rán ọmọ. Má gbé e lọ lófìfo. Tó o bá bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, fa àpótí kan, jókòó, kí o bá a ṣà á.