Ẹ má kó wọn sí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn: èsì fún olùkọ́ lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín ní kíláàsì lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ wà níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, pé ọ̀sẹ̀ 15 péré ni sáà náà. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ọmọ Áfíríkà, tàbí kí ẹ pò wọ́n mọ́ àwọn òyìnbó, àti bí ẹ ó ṣe máa fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ní máàkì. Mo ti kọ́ kíláàsì yìí fún ọdún 11. Ẹ má ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde sì ń dùn mí títí di òní.

Olórí ẹ̀ka wa nígbà náà kó ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má ṣe fọwọ́ kan ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀dó sí Plymouth àti Boston wà, ṣùgbọ́n pé mo lè fi ohun tí ó bá wù mí kún un níparí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àwọn ọmọ onílẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 13, mo sì fi àwọn ọmọ Áfíríkà sí ọ̀sẹ̀ 14. Nígbà tí òjò dídì dí ojú ọ̀nà, tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún ọjọ́ mẹ́fà, tí wọn kò sì sún ọjọ́ ìdánwò, ọ̀sẹ̀ méjì náà di ìṣẹ́jú 75 kan ṣoṣo.

Ní ìṣẹ́jú 75 náà, mo pín ewì Phillis Wheatley tí ó sọ bí wọ́n ṣe gbé e láti Áfíríkà wá sí Amẹ́ríkà. Ìlà 8 péré ni, ó sì wà nínú ìwé ewì rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1773. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé àánú ni ó gbé òun kúrò ní ilẹ̀ kèfèrí òun. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nínú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ka ìlà náà sókè, ó pa ìwé dé, ó sì bi mí pé, "Ṣé ohun tí àwọn ènìyàn wa ní láti sọ kò ju èyí lọ?" N kò rí èsì fọ̀. Èmi ọmọ Áfíríkà, tí mo mọ̀ pé ọmọ ọdún 7 tàbí 8 ni Wheatley nígbà tí ọkọ̀ ẹrú gbé e gúnlẹ̀ sí Boston ní 1761, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bí ìró ewì náà ṣe ń lọ. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìdánwò, ọmọ náà kò la ẹnu mọ́ nínú kíláàsì mi. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀ dáadáa, ó sì lọ. N kò rí ààyè bẹ̀ ẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ìwé kan ni wọ́n fi hàn mí, tí wọ́n ti fi àmì sí i pé kíláàsì náà ní àwọn òǹkọ̀wé onírúurú ẹ̀yà, wọ́n sì ní ọ̀ràn ti parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe onímọ̀ kan wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́; ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta nípa bí ó ṣe yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún gbogbo àṣà, kò sì ka ìlà kan ṣoṣo láti inú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá pè yín sí irú rẹ̀, ẹ lọ, kí ẹ fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ ó ṣe nínú kíláàsì.

Àwọn ènìyàn tí à ń kà nípa wọn yìí kò gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n bá ara wọn jagun, wọ́n mú ara wọn lẹ́rú, wọ́n kọ lẹ́tà sí ara wọn. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni ó wá yà wọ́n nípá. Ẹ mú ìwé tí Mary Rowlandson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1682, nípa bí wọ́n ṣe mú un ní Lancaster, Massachusetts, ní oṣù kejì ọdún 1676, nígbà ogun Metacom, èyí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀dó jà. Ó lo ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ 11 nínú ìgbèkùn kí wọ́n tó fi 20 pọ́n-ùn rà á padà. Bí a bá dá a kà lásán, ìtàn obìnrin onígbàgbọ́ kan láàrin àwọn ẹhànnà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí Rowlandson ń sìn nínú ìgbèkùn náà ni Weetamoo, olórí àwọn Pocasset, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, tí òun náà ń sá kiri pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ebi ń pa. Ọmọ Rowlandson, ọmọ ọdún 6, kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kọ nípa ikú náà lọ́nà tí yóò mú omijé bọ́ lójú yín. Nígbà tí ọmọ Weetamoo kú, ohun tí Rowlandson kọ ni pé àǹfààní kan wà níbẹ̀, ààyè túbọ̀ gbà wọ́n. Mo máa ń ka ibi méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, n kì í sì í sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń mú James Printer wọlé. Ọmọ Nipmuc, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, ni, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ó kọ́ ní Cambridge, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì tí John Eliot, oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì kan, túmọ̀ sí èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n tẹ̀ ní 1663. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé òun ni ó to lẹ́tà ìwé Rowlandson pàápàá, lẹ́yìn tí òun náà ti wà ní òdìkejì nínú ogun ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí Bíbélì Àjàyí Crowther ṣe fún èdè wa yóò mọ ìdí tí mo fi ń pẹ́ níbí. Láti 1993 ni Jessie Little Doe Baird àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Wampanoag, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ní Massachusetts, ti ń jí èdè wọn dìde, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ̀rọ̀ mọ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún 100, Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ láti fi yí àwọn bàbá ńlá wọn lọ́kàn padà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bákan náà ni Wheatley. Samson Occom, oníwàásù tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Mohegan, lọ sí Ìlú Ọba, ó gba owó tí ó lé ní 11,000 pọ́n-ùn fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì fi owó náà dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth sílẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé ọmọ òyìnbó ni ó pọ̀ jù. Ní 1774 Wheatley kọ lẹ́tà sí i, àwọn ìwé ìròyìn sì tẹ̀ ẹ́. Ó ní Ọlọ́run gbin ohun kan sí àyà gbogbo ènìyàn, tí à ń pè ní ìfẹ́ òmìnira, tí kì í fara mọ́ ìnilára. Ó sì bá àwọn tí ń fi ẹnu pariwo òmìnira nígbà tí ọwọ́ wọn ń ni ẹlòmíràn lára wí. Lẹ́tà yẹn ni ó yẹ kí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ kà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ó bá kà á ṣáájú yóò rí i pé ìlà méjì tí ó parí ewì náà kì í ṣe ọpẹ́ rárá, ìkìlọ̀ ni fún àwọn òyìnbó onígbàgbọ́. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ọkùnrin 18 ní Boston, gómìnà wà lára wọn, ni ó ní láti fọwọ́ síwèé pé Wheatley fúnra rẹ̀ ni ó kọ ewì rẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtàn ìṣẹ̀dá. Àwọn Haudenosaunee, àjọ àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, ní obìnrin kan já bọ́ láti ọ̀run, àwọn ẹranko omi wá ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ omi, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ìjàpá. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní rántí adìẹ tí ó tan iyẹ̀pẹ̀ ká orí omi ní Ifẹ̀. Mo sọ nínú kíláàsì pé ìtàn kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Seneca, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Haudenosaunee, fi sùúrù sọ fún mi pé nínú ti àwa Yorùbá, wọ́n rán ẹni náà wá pẹ̀lú ohun èlò, ṣùgbọ́n nínú tiwọn, àwọn ẹranko ni ó gba ẹni tí ó já bọ́, ìyẹn gan-an ni ìtàn náà. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ máa béèrè ẹni tí ó kọ ìtàn sílẹ̀ pẹ̀lú: David Cusick, ọmọ Tuscarora, ẹ̀yà Haudenosaunee mìíràn, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní nǹkan bí 1827, ṣùgbọ́n àwọn àjèjì ni ó kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ti gbọ́ ìjálá lẹ́nu ọdẹ, tí ó tún wá kà á nínú ìwé, mọ ohun tí ó máa ń sọnù. Ẹ má sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan pé kí ó dìde sọ ohun tí ẹ̀yà rẹ̀ rò.

Ní ti máàkì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ojú ìwé méjì lórí ènìyàn méjì tí wọ́n pàdé, ó ti tó. Ẹ wò ó bóyá ó ka àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yín, ẹ ka ibi tí William Bradford, aṣáájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Plymouth, ti pe ilẹ̀ náà ní aginjù tí ó kún fún ẹranko àti ènìyàn ẹhànnà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé Patuxet ni orúkọ ibi tí wọ́n kọ́ Plymouth sí ní 1620, abúlé tí àrùn ti pa run. Pé ọmọ ibẹ̀ ni Tisquantum, ẹni tí òyìnbó jí gbé ní 1614, tí wọ́n gbé lọ tà ní Málaga ní Sípéènì, tí ó sì ti gbé London kí ó tó padà wá bá ilé tí ó dahoro. Kí ẹ wá bi wọ́n pé, ta ni àjèjì ní ọjọ́ tí Tisquantum fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí Bradford? Kíláàsì tèmi kò parí ìjíròrò yẹn ní ọjọ́ kan rí.